Imú Bàtà Òsì

Aránbàtà tó máa ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ní ìkángun àdúgbò wa ló kọ́kọ́ rí i. Mo gbé bàtà aláwọ pupa kan lọ bá a, bàtà àbúrò mi obìnrin, pé kó bá mi rán okùn rẹ̀ tó já kí ẹni tó ni ín tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó gba bàtà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó to méjèèjì sórí itan rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ wò ó. Tọ̀tún ò ṣe nǹkan kan. Tòsì ni imú ẹ̀ jẹ. Ẹni tó ni bàtà yìí, ṣé ẹsẹ̀ òsì ń dùn ún ni?" Mo ní kò sóhun tó ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ìrìn ọ̀lẹ ló ń rìn. Ọkùnrin náà kò dá mi lóhùn. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò pa ibi tí awọ ti hó, tí páálí inú rẹ̀ ti yọjú, bí ẹni ń pa egbò lára ọmọ.

Ìrìn ọ̀lẹ. Ẹnu mi lọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, mi ò lè dì í ru ẹlòmíràn. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà la ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wa. Àbúrò mi ń lọ níwájú mi lórí ilẹ̀ táìlì, bàtà rẹ̀ sì ń ké: kò, ṣàà, kò, ṣàà. Tọ̀tún á dún kò, tòsì á wọ́ ṣàà. Ìró náà ń ha mí létí bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ọ̀bẹ họ ìdí ìkòkò. Mo pariwo mọ́ ọn láàárín èrò: "Ìyá Tóbi, gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jọ̀ọ́!" Bí ìyá wa, Màámi, ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Nílé wa, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ọmọ máa wọ́sẹ̀. Màámi a ní ọmọ tó bá ń wọ́sẹ̀ kò ní tètè dé ibì kankan láyé, àti pé owó bàtà kì í hù lóko. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú, ó rẹ ẹsẹ̀ yìí ni." Ẹsẹ̀ yìí. Kò sọ pé ó rẹ òun. Etí mi gbọ́ ọ, mi ò fi ṣe nǹkan kan.

Oṣù Kẹta nìyẹn. Nínú Oṣù Kẹwàá ló pè mí pé wọ́n ti ya àwòrán ọpọlọ òun àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn òun, wọ́n sì ti rí orúkọ ohun tó ń ṣe òun: multiple sclerosis. Ó ní kí n pè é ní MS bí ẹnu mi ò bá gbé e. Ọdún 1868 ni Jean-Martin Charcot, dókítà kan nílé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, ṣàlàyé àìsàn náà débi tó fi dá yàtọ̀ sí àwọn mìíràn tó ń mú ara gbọ̀n. Ó rí ojú àpá tó le káàkiri inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn tó ti kú, orúkọ tó sì fún un ní èdè Faransé kò ju líle tó ṣe àbùlẹ̀ àbùlẹ̀ lọ. Ohun tó ń fa àpá náà ni pé àwọn ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó máa bá kòkòrò àìsàn jà nínú ara yíjú padà sí ara tó bọ́ wọn. Mo gbọ́ gbogbo èyí tán, mo wá béèrè ìbéèrè òmùgọ̀ kan tí kò fi mí sílẹ̀ láti ọjọ́ náà: "Ọpọlọ wà lókè, kí ló wá kàn án pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀?"

Èèyàn kì í ronú nípa gbígbẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àfi tí ẹsẹ̀ bá kọ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọn ìrìn ọmọ aráyé sọ pé nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń kọjá lọ síwájú, àyè tó wà láàárín ọmọ-ìka àti ilẹ̀ kì í ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ. Ìbú ìka ọwọ́ kan! Gbogbo yíyan wa, gbogbo ijó wa lóde ìnáwó, orí ìwọ̀n yẹn ló dúró lé. Iṣan kan tó wà níwájú ojúgun ló ń fa iwájú ẹsẹ̀ sókè kó lè rí àyè náà gbà kọjá. Bí kò bá fà á tó, imú bàtà á gbálẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe á wá máa gbé itan sókè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn níbi tí àtẹ̀gùn ò sí, tàbí kó máa ju ìbàdí síta kí ẹsẹ̀ lè yí po kọjá. Àbúrò mi ń ṣe méjèèjì níbi ìgbéyàwó yẹn. Mo rò pé ó ń fi ìdí yangàn fún wa ni.

Nígbà tó máa ṣàlàyé fún mi, ohun tí àwa méjèèjì jọ mọ̀ ló lò. Ó ní kí n rántí ilé tí a gbé ní Agége, bí òjò bá ti rọ̀ tí àgbàlá kún fún omi, tí Bàámi á to búlọ́ọ̀kù láti ẹnu ọ̀nà dé títì. A ó máa fò láti orí búlọ́ọ̀kù kan dé èkejì, a ó sì dé títì láìjẹ́ pé omi kan ìbọ̀sẹ̀ ilé-ìwé wa. Ó ní bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti orí lọ sẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní myelin ló wé mọ́ àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ, ó sì máa ń dá àlàfo díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè máa fò láti àlàfo kan bọ́ sí òmíràn. Nínú èyí tó nípọn jù, tí ọ̀rá wé dáadáa, ọ̀rọ̀ lè sáré tó 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nínú èyí tí kò ní ọ̀rá rárá, mítà kan tàbí méjì náà ló mọ. "Àǹtí mi," ó ní, "MS ti kó búlọ́ọ̀kù kúrò nílẹ̀." Ọmọ tó ń bọ̀ á já sínú omi. Á máa wọ́ ọ bọ̀. Nígbà mìíràn á dé títì lẹ́yìn tí mọ́tò ti lọ, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní dé.

Ẹsẹ̀ sì ni ìlú tó jìnnà jù. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ sí ètè kò rìn jìnnà. Èyí tó ń lọ sẹ́sẹ̀ òsì gbéra láti apá ọ̀tún orí, ó sọdá sí òsì nísàlẹ̀ ọpọlọ, ó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn wá sílẹ̀, kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ iṣan mìíràn tó máa gbé e gba ìdí, gba itan, gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún dé ojúgun. Ọ̀nà tó gùn tó báyẹn, ibo ni àbùlẹ̀ kò lè bọ́ sí? Ó lè jẹ́ lọ́rùn ni ó wà, kó kéré bí ẹ̀wà, kí gbogbo ayé sì máa wo ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ. Mo ti ń lo òwe yẹn fún ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ara èèyàn.

Èdè wa pàápàá kò kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́. Iṣan ni à ń pe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni èyí tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà ni èyí tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ. Ẹni tó bá gbọ́ iṣan, òrí àti omi gbígbóná ló ń bọ̀ sí i lọ́kàn. Ohun tí àwa náà sì ti lò nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ MS. Nígbà tí mo délé láti ọ̀dọ̀ aránbàtà tí mo ròyìn ohun tó wí, àwọn àgbà ilé yẹ ẹsẹ̀ náà wò, wọ́n ní òtútù Lọ́ńdọ̀nù ló wọ̀ ọ́ léegun. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti lò níbẹ̀, òtútù tí ẹ ń wí yìí sì ti tó kó jọ. Àmọ́ ní Ìbàdàn nínú Oṣù Kẹta, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ooru ṣe ń rí. A tẹ́ ẹní fún un ní ẹ̀yìnkùlé ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kí oòrùn lè pa á dáadáa, a fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, a ri aṣọ bọ omi gbígbóná, a fi jó o láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí a bá ṣe tán, kò ní lè dá rìn dé balùwẹ̀. Ẹsẹ̀ á rọ jọwọlọ. Ìyá wa àgbà á ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́, àìsàn ń jáde ni." Lálẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, á tún rìn díẹ̀, a ó sì máa kí ara wa kú iṣẹ́.

Láti ọdún 1890 ni dókítà ojú kan ní Jámánì, Wilhelm Uhthoff, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń ṣú sí i tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ agbára. Ara tó ń gbóná ló wà nídìí rẹ̀, bí wọ́n ṣe wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Ìránṣẹ́ tó ń rọ́nà gbà tipátipá níbi tí ọ̀rá ti hó, bí ara bá gbóná ní ìdajì digrí péré, ó lè dúró síbẹ̀. Bí ara bá tún tutù, á tún máa lọ. Kì í dá kún àpá tó wà nílẹ̀, ìyẹn ni àbúrò mi fi tù mí nínú nígbà tí mo ń sunkún lórí fóònù. Ohun tí kò tù mí nínú ni èyí: àwọn tó ń gbé níbi tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí oòrùn ti ṣọ̀wọ́n, ni MS ń mú jù, àwọn onímọ̀ sì ń fura pé àìrí oòrùn tó wà lára ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Oòrùn tí kò rí gbà lọ́hùn-ún lè wà nínú ẹjọ́ náà. Oòrùn tí a ní kó pa á nílé ló sì ń dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Oòrùn kan náà. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, mi ò tíì rí ibi tí mo lè gbé e kà.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Gbogbo ilé ló ń wá ìdí. Ẹnìkan ní ó ti tẹ nǹkan níbi ìgbéyàwó, bí ẹni pé kò ti wọ́sẹ̀ débẹ̀. Òmíràn ní abẹ́rẹ́ ni, ó rántí pé wọ́n gún un nídìí nígbà tí ibà ń ṣe é lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Mi ò fi ìyẹn rẹ́rìn-ín o. Abẹ́rẹ́ tó ṣìnà nínú ìdí ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí di ẹni tó ń wọ́sẹ̀, kò sí àdúgbò tí ẹ kò ti ní rí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í fi ọgbọ̀n ọdún sùn kó tó jí. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tilẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òsì ló ti fi kọ lọ́jọ́ tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń jáde lọ tó bá fẹsẹ̀ kọ, á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ẹsẹ̀ wo ni, ire ni àbí ibi. Àbúrò mi ń fẹsẹ̀ òsì kọ tó ogún ìgbà lójúmọ́. Ìkìlọ̀ kí ló máa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn dókítà náà kò kánjú gba ìdí tó wà níwájú wọn. Lójú tèmi, bí àwòrán bá ti fi àbùlẹ̀ hàn, ẹjọ́ parí. Wọ́n ṣì ń bi í bóyá ó máa ń gbé ẹsẹ̀ léra jókòó. Iṣan tó gba ẹ̀gbẹ́ òde orúnkún lọ sí ojúgun wà lábẹ́ awọ gan-an, eegun ló sùn lé. Ẹni tó bá ń gbé ẹsẹ̀ léra fún wákàtí gbọọrọ, tàbí tó ṣàdédé rù, lè tẹ̀ ẹ́ pa débi tí iwájú ẹsẹ̀ á fi rọ. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan yẹ̀ níbẹ̀ tó ń fún gbòǹgbò iṣan náà mọ́ra. Wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Dókítà kan sọ fún un pé níní MS kò ní kí àìsàn mìíràn má múni, àti pé bí àwọn bá ń di gbogbo ẹrù lé MS lórí, àwọn lè fi èyí tó ṣeé wò sílẹ̀ láìwò. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Àwa nílé, ìdí kan ṣoṣo là ń wá, a sì fẹ́ kó ní ojú àti orúkọ.

Lẹ́yìn náà ni dókítà yẹn fi ìdí òòlù kékeré kan ha àtẹ́lẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti gìgísẹ̀ lọ síwájú. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà dìde. Joseph Babinski ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1896. Ẹni tó ti kúrò lọ́mọ ọwọ́, tí wọ́n bá ha á lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀, sísàlẹ̀ ni àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí. Ọmọ ìkókó ni tirẹ̀ ń lọ sókè, nítorí ọ̀nà tó ti ọpọlọ rẹ̀ wá kò tíì là tán. Bí ti àgbàlagbà bá gòkè, òkè lọ́hùn-ún lọ̀nà ti bàjẹ́, ẹ má wulẹ̀ dá orúnkún lẹ́bi. Àbúrò mi ní òun ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ó lé lọ́dún kan tí òun ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé imú sókè, kò dá òun lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn òun kò bẹ̀ ẹ́, ó gbé àtàǹpàkò sókè fún àlejò.

Mo ti rò pé àìlókun ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ó tún jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun, èyí tó ń fa ẹsẹ̀ sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ láti òkè ló máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dé bó ṣe yẹ, á le, á máa fà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó fà. Iṣan iwájú tí kò lókun wá di ẹni tó ń bá èyí tó le lẹ́yìn fa okùn, ẹ sì mọ ẹni tó máa borí. Láàárọ̀, ó ní gìgísẹ̀ òun kì í kanlẹ̀ títí òun yóò fi dúró díẹ̀. Nílé, bó bá jókòó sídìí tábìlì tó fi ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, orúnkún òsì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pìpì, síbí á máa dún nínú abọ́. Mo bi í pé, "Ìyá Tóbi, ta ló ń lé ọ?"

Àárẹ̀ tún wà níbẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibùdó bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Láti ibẹ̀ dé ọjà ni ṣàà á bẹ̀rẹ̀, ìránṣẹ́ tó ti ń la omi kọjá láti òwúrọ̀ ti rẹ̀. Ẹni tó bá rí i láàárọ̀ tó tún rí i ní ìrọ̀lẹ́ á ní irọ́ ló ń pa. Mo mọ̀, nítorí mo wà lára wọn.

Ìdí tó wà lẹ́yìn ìdí ńkọ́? Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ológun tó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ wò, wọ́n sì rí i pé kòkòrò kan tó ń jẹ́ Epstein-Barr ti kọ́kọ́ wọ ara àwọn tí MS mú, àfi bóyá ẹyọ kan. Ìròyìn náà gbé mi nídìí fún ọjọ́ méjì, mo ní a ti mú olè. Mo kà á síwájú: nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, nǹkan bíi márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló ní kòkòrò kan náà lára. Èmi náà ní in nìyẹn. Ìyá wa kan náà ló bí wa, abọ́ kan náà la ti jẹun, èmi ń rìn kò, kò. Àwọn ìwé sì ti ń sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé àìsàn òyìnbó ni, àfi ìgbà tí ìwádìí kan ní gúúsù Kalifọ́níà lọ́dún 2013 fi hàn pé ó ń mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ju àwọn funfun lọ. Bóyá ohun tí àwọn ìwé yẹn ń sọ ló mú kí ẹni tó kọ́kọ́ wo àbúrò mi ní kó dín iṣẹ́ kù, kó sì máa sinmi.

Ní báyìí, ike kan ló ń wọ̀, ó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ gòkè lọ sẹ́yìn ojúgun, òun ló ń gbé iwájú ẹsẹ̀ dúró. Wọ́n tún fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan dán wò, tí wọ́n ń so mọ́ ìsàlẹ̀ orúnkún, tó ń fi iná díẹ̀ ta iṣan náà jí nígbà tí gìgísẹ̀ bá kúrò nílẹ̀. Láti ọdún 1961 ni Liberson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Ó ní iná náà ń rìn lára òun bí ìjàlọ. Ike ló mú. Nítorí ike, bàtà òsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi ju tọ̀tún lọ, ó sì ní láti ra bàtà méjì, nọ́ńbà 39 àti nọ́ńbà 41, kó tó rí ẹyọ méjì tó máa wọ̀ jáde.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i níbi ìgbéyàwó. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin nìkan kọ́. Èmi náà ń sọ ọ́ fún un láràárọ̀." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní bí òun bá ń bọ̀ nílé lọ́dún tó ń bọ̀, inú Oṣù Kejìlá lòun máa wá, nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé omi gbígbóná súnmọ́ òun.

Aránbàtà lọ sílé fún ìtúnu ààwẹ̀ lọ́dún yẹn, àbúrò mi sì ti padà kó tó dé. Ó rán okùn náà, ó wá fi àbùlẹ̀ awọ dúdú bo imú tòsì láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ san owó méjèèjì. Ó ní rárá, ẹsẹ̀ kan lòun ṣe. Bàtà náà wà lábẹ́ ibùsùn mi títí di òní, nọ́ńbà 39 ni méjèèjì, tòsì kò lè wọ̀ ọ́ mọ́.